Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà Bí Ọkọ̀ Ojú Irin Kejì Bá Fi Èrò Sílẹ̀?

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí o ń múra sílẹ̀ de ìdánwò, bí wọ́n bá ní kí o sọ èrò ọkàn rẹ lórí ọ̀rọ̀ kan, má ṣe wá ọ̀rọ̀ ńlá tí apá rẹ kò ká. Mú ọ̀rọ̀ tí ó kan ènìyàn lára. Sọ ibi tí o dúró sí, gbọ́ ti ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ, kí o sì dá a lóhùn. Àpẹẹrẹ irú àròkọ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí. Ó gùn ju èyí tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ, nítorí mo fẹ́ kí o rí bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò yí ká. Kà á bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, kí o sì bá mi jiyàn níbi tí kò bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹnìkan fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kò sí ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Ó ní láti wọ ọ̀kan dé ìkóríta, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì wọ òmíràn. Ó san owó rẹ̀ pé, ó dé ibùdókọ̀ lásìkò, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ kìíní wá pẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi dé ìkóríta, ọkọ̀ kejì ti fọn fèrè, ó ti lọ. Ta ni yóò ru ẹrù yìí? Ṣé èrò tí kò ṣẹ̀ tí kò rò ni, àbí ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni ó yẹ kí ó ru ú, títí yóò fi mú èrò náà dé ibi tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì dé fún un. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí èrò káwọ́ lẹ́rán. Òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, n ó sì sọ ọ́ kí n tó dákẹ́.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè nìkan ni èyí. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó fi di 1912, ó ti dé Kano. Ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá, ó sì gba Minna àti Kaduna lọ sí Zaria àti Kano. Ní Kaduna ni ọ̀nà mìíràn ti wá yà lọ sí Kafanchan, tí ó gba Makurdi àti Enugu dé Port Harcourt. Ní Kafanchan ẹ̀wẹ̀ ni ọ̀nà Jos ti yà. Àwọn oníṣòwò wa láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n tẹ̀dó sí Òkè Ọya mọ àwọn ìkóríta wọ̀nyí bí ẹní mowó. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ojú irin ti yà, kò mọ ọ̀nà.

Ní ayé òde òní, ojú irin tuntun tún ti ń dé. Ti Àbújá sí Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Ti Warri sí Itakpe bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní 2021. Títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ètò ìjọba pé kí ti Èkó dé Kano níkẹyìn. Ní ìlú Èkó pàápàá, ojú irin ti ìjọba ìpínlẹ̀ láti Agbádò sí Òyìngbò ti ń kó èrò láti 2024, ní ìhà kan náà tí ti ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ìpínlẹ̀ lọ bá ọkọ̀ Ìbàdàn, ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin láàárín ìjọba méjì nìyẹn. Kí ọ̀nà wọ̀nyí tó lọ́ mọ́ra wọn ni ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí yóò ru ẹrù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Bí mo ti dárúkọ ìsọmọlórúkọ yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Ní 2019, ọmọ mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní ìlú kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òbí ọkọ rẹ̀ kò lè wá láti ilé, nítorí náà wọ́n bẹ̀ mí pé kí n gbé ọmọ náà lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí n fi oyin àti iyọ̀ kan án lẹ́nu, kí n sì pe orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́. A ra obì, orógbó, ataare àti oyin ní Peckham, mo kó wọn sí àpò kan, mo sì wọ ọkọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ọkọ̀ méjì ni n ó wọ̀.

Ọkọ̀ kìíní pẹ́ ní ìṣẹ́jú 50. Wọ́n ní iná tí ń darí ọkọ̀ lójú irin ni kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀, èyí tí ó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà ti lọ. Mo mú tíkẹ́ẹ̀tì mi tọ òṣìṣẹ́ kan lọ. Ó wò ó, ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà fún, ọkọ̀ náà sì ti lọ, kí n ra òmíràn fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n máa béèrè ìdí, n kò béèrè ìdí. Ojú ń tì mí pé mo jẹ́ àlejò. Mo sanwó.

Obìnrin kan tí a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ mìíràn ní ẹnu ọ̀nà kejì. Kò pariwo, kò bínú. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn, ó sọ aago tí ọkọ̀ yẹ kí ó dé àti aago tí ó dé, ó sì béèrè pé, “Báwo ni ẹ ó ṣe gbé mi dé ibẹ̀ lálẹ́ yìí?” Kò pẹ́ tí takisí fi dé. Mo gbọ́ nígbà tí awakọ̀ pe orúkọ ìlú tí ó ń gbé e lọ. Ìlú tí èmi náà ń lọ ni! Kí n tó gbé àpò mi dìde, takisí ti ṣí.

Mo jókòó sí abẹ́ òrùlé kan ní ìta ibùdókọ̀ di ìdájí, mo gbé àpò oyin àti obì lé itan. Aago 7 òwúrọ̀ ni wọ́n fi ìsọmọlórúkọ sí. Wọ́n dúró dè mí di aago 9, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ní ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo fi dé ní aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 40, àgbàlagbà kan nínú ìjọ wọn ti gbé ọmọ náà, ó ti pe orúkọ rẹ̀. Oyin tí mo gbé wá ṣì wà nínú ìgò. Ọmọ mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó sì béèrè ẹni tí ó ní kí n ra ìkejì. Òun ni ó fi ìlànà ilẹ̀ náà hàn mí. Ìlànà náà sọ pé bí ìdádúró kò bá jẹ́ kí èrò parí ìrìn-àjò tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà fún, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yóò wá ọ̀nà mìíràn gbé e dé ibẹ̀ níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, tàbí kí ó wá ibi tí yóò sùn fún un bí ó bá di dandan. Ó sọ fún mi pẹ̀lú pé ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan pàtó lè wọ ọkọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e láìsan kọ́bọ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó gbé e wá ni ó pẹ́. A kọ ìwé, a fi tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó mi padà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ kò padà.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o rí nínú ìtàn yìí. Èkíní, òfin wà, ṣùgbọ́n òfin tí èrò kò mọ̀, tí òṣìṣẹ́ kò sì rántí, kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tí a gbé pamọ́ fún ẹni tí ebi ń pa. Èkejì, àdánù ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹlòmíràn ń lọ sí ibi ìsìnkú. Ẹlòmíràn ń lọ rí dókítà tí ó ti ń dúró dè fún oṣù mẹ́fà. Ẹlòmíràn, bí ìwọ, ń lọ ṣe ìdánwò. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé gbígbé èrò dé ibi tí ó ń lọ ni kí ó ṣáájú, kí owó ìtanràn tẹ̀ lé e.

Wàyí o, jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ìlú mìíràn ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin náà sọ pé bí ó bá hàn pé èrò yóò pẹ́ dé òpin ìrìn-àjò rẹ̀ ní 60 ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí kan èyí tí ó bá ti inú pípàdánù ọkọ̀ kejì wá, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó gba owó rẹ̀ padà, kí ó gba ọ̀nà mìíràn lọ ní kété tí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ó lọ ní ọjọ́ mìíràn tí ó bá wù ú. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún un láàárín 100 ìṣẹ́jú, èrò lè fi ọkọ̀ ojú irin mìíràn tàbí bọ́ọ̀sì wá ọ̀nà ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ sì dá owó tí ó bá mọ níwọ̀n padà fún un. Bí ó bá pẹ́ láti 60 dé 119 ìṣẹ́jú, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà ní ìtanràn. Bí ó bá tó 120 ìṣẹ́jú, ìdajì ni yóò gbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọn, kí wọ́n wá ibùsùn fún un.

Kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: “òpin ìrìn-àjò”. Òun ni gbogbo àríyànjiyàn yìí rọ̀ mọ́. Ọkọ̀ kìíní lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹni tí ó ń wo ọkọ̀ yóò ní, “Kí ni ìṣẹ́jú 10 ṣe?” Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 10 náà bá mú kí ọkọ̀ kejì lọ, tí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì di wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni èrò pẹ́. Ọkọ̀ ni ó pẹ́ ìṣẹ́jú 10. Ènìyàn pẹ́ wákàtí mẹ́ta. Òfin tí ó bá ń ka ìṣẹ́jú ọkọ̀ tí kò ka ti ènìyàn, irin ni ó ń sìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi. Ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wọ́n lè kọ́kọ́ sọ pé, “Bí ọkọ̀ bá ń dúró de ọkọ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò pẹ́.” Òótọ́ ni. Bí ọkọ̀ tí ó kún bá dúró nítorí èrò mẹ́wàá, ó lè kó wàhálà bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí àwọn náà ní ọkọ̀ tí wọn yóò bọ́ sí níwájú. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí ọkọ̀ máa dúró nígbà gbogbo. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹni tí ó wà nídìí ètò náà wo ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn yóò tún lọ. Bí òmíràn bá ń bọ̀ ní ìdajì wákàtí, kí èyí máa lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ọkọ̀ tí ń bọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, kí ó dúró ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó jókòó ti dín sí òru kan gbáko lọ́wọ́ ẹni tí a fi sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a ṣètò rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Wo ilẹ̀ Switzerland. Láti 1982 ni wọ́n ti ṣe ètò tí ọkọ̀ fi ń lọ ní ìṣẹ́jú kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di 1987, àwọn ará ìlú dìbò fọwọ́ sí ètò ńlá kan tí ó mú kí ọkọ̀ láti ọ̀nà gbogbo máa wọ ibùdókọ̀ ńlá ní àkókò kan náà, kí èrò lè bọ́ láti inú ọ̀kan sí èkejì, kí gbogbo wọn sì tún jáde. Ní 2004, wọ́n mú ìrìn-àjò láti Zürich sí Bern wá sí ìsàlẹ̀ wákàtí kan. Kì í ṣe nítorí eré nìkan. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ tètè dé kí èyí tí ó kàn tó lọ ni. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń lọ ní wákàtí wákàtí, ẹni tí ọ̀kan fi sílẹ̀ kò ṣòfò òru. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé a lè fi ètò dín ìyà kù ju bí a ti lè fi owó ìtanràn dín in kù lọ.

Wọ́n tún lè sọ pé, “Bí ilé-iṣẹ́ bá ń sanwó takisí àti ibùsùn, owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò wọ́n.” Ó lè wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: ta ni ó lè tún iná ojú irin ṣe? Ta ni ó ń kọ àkókò ọkọ̀ sílẹ̀? Ta ni ó lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún àyè tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì? Èrò kò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí ìyà bá ń jẹ ẹni tí kò lè tún nǹkan ṣe, nǹkan náà kò ní í tún ṣe láéláé. Bí ó bá ń jẹ ẹni tí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wá irinṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ẹ̀bi ilé-iṣẹ́. Omi lè ya, igi lè wó lé ojú irin, ènìyàn búburú lè tú irin tà. Mo gbà. Òfin Yúróòpù náà gbà: bí ó bá jẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kò fi dandan mú ilé-iṣẹ́ san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ojúṣe àtigbé èrò dé ibi tí ó ń lọ ṣì wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìtanràn jẹ́ ti ẹni tí ó ṣẹ̀. Àtigbé èrò délé jẹ́ ti ẹni tí ó gba owó ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáàárín wọn, tí ó wá ń sunkún. Níbí yìí, mo fi ẹ̀tọ́ fún àwọn alátakò mi. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dán ewu wò ni yóò ru ẹrù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń tà á kọ́kọ́ sọ fún un kí ó tó sanwó pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Òfin Yúróòpù tilẹ̀ sọ pé bí alágbàtà bá fúnra rẹ̀ so tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi pọ̀ tà fún èrò, tí kò sì sọ fún un pé wọn kò so pọ̀, òun ni yóò dá gbogbo owó náà padà bí ọkọ̀ bá fi èrò sílẹ̀, yóò sì fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà kún un. Ẹni tí ó fi ojú pamọ́ nígbà títà kò lè fi ojú hàn pé òun kò mọ̀ nígbà ẹjọ́.

Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ iṣẹ́ èrò náà. Gbà á bí ẹ̀kọ́, nítorí yóò wúlò fún ọ lójú irin àti ní ọ̀nà mọ́tò pẹ̀lú.

Kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, wo àyè tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n kà sí àyè tí ó kéré jù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdókọ̀. Fún ọ̀dọ́ tí kò lẹ́rù, ó tó. Fún ìyá arúgbó tí ó ní àpò méjì, kò tó. Má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn lálẹ́ jẹ́ èyí tí o gbójú lé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ra tíkẹ́ẹ̀tì kan tí yóò gbé ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí o bá wà nínú ọkọ̀, bí o bá rí i pé ó ń pẹ́, má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Wá òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ rí, sọ ibi tí o ń lọ fún un. Ó lè fi tó àwọn tí ó wà níwájú létí pé èrò ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sọ tẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ kejì bá ti lọ, má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun kí o tó béèrè. Fi èyí tí o ní hàn, sọ aago tí ẹ yẹ kí ẹ dé àti aago tí ẹ dé, kí o sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí obìnrin ọjọ́sí béèrè. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ni ó ba iná jẹ́. Bí ó bá ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, tọ ẹlòmíràn tí ó ga jù ú lọ. Kọ àkókò àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Tọ́jú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì, àní èyí tí kò wúlò mọ́ lójú rẹ. Bí n kò bá tọ́jú tèmi ni, kọ́bọ̀ kò ní í padà.

Èyí tí ó wá ṣe pàtàkì jù fún ìwọ tí ń ka ìwé yìí: bí ohun tí o ń lọ ṣe bá jẹ́ èyí tí kò ní í dúró dè ọ́, lọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Bí ìdánwò rẹ bá jẹ́ aago 8 òwúrọ̀ ní ìlú mìíràn, sùn sí ìlú náà ní àná rẹ̀. Kò sí òfin kankan ní ayé tí ó lè dá gbọ̀ngàn ìdánwò tí wọ́n ti tì padà fún ọ. Èmi náà ìbá ti lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. N kò fi ìyẹn da ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ nù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ní paríparí rẹ̀, kí ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wa ṣe? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí a ṣe ní 2018 ti sọ pé ẹni tí ó sanwó iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí a ṣe é fún un lásìkò, kí a sì tètè fi tó o létí bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá fẹ́ wà. Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n kọ́ ilé lé e. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan yóò gbé èrò dé òpin, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìbáà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Kí ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ nítorí ìdádúró ọkọ̀ wọ èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí òmíràn mọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé e tàbí kí wọ́n fún un ní ibùsùn. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ gàdàgbà sí ara ògiri ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdè tí ará ibẹ̀ ń sọ, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Ìwé òfin tí ó wà nínú àpótí ní Àbújá kò lè ran èrò tí ó dúró sínú òtútù lọ́wọ́.

Àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ yìí kí ojú irin tó dé ilẹ̀ wa. Wọ́n ní àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ. Bí a bá dá aṣọ fún un, a ó pa á láró. Bí a bá là á níjà, a ó sìn ín délé. Bí a bá gba owó lọ́wọ́ èrò pé a ó gbé e dé Kano, tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà lóru, a kò tíì gbé e rárá. Èyí ni mo rí sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ ńkọ́? Gbé kálàmù rẹ, kí o sì kọ tìrẹ.